Láti inú ibà Àgbádárìgì ni ìwé kírómósómù ti ṣẹ̀

Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì máa ń bi mí nípa ìwé tó ṣe é gbára lé lórí kírómósómù, àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá ìran, àti kẹ́mísírì. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ní Jámánì ni. Èmi ní Àgbádárìgì ni, ẹ̀rí sì wà.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni àjíhìnrere Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí ìlú wa. Ní 1845, Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé. Ọdún yẹn náà ni wọ́n parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àlejò ń wá wò létí ọ̀sà títí dòní. Ohun tí àwọn tó ń mú àlejò yí ilé náà ká kì í sábà dárúkọ ni ibà. Òyìnbó tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbí nígbà náà, kò dájú pé yóò fojú kan òjò ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀fọn wa ni mo fi ń yangàn yìí o, ẹ fara balẹ̀.

Ní 1854, Dókítà William Baikie darí ọkọ̀ Pleiad gba Odò Ọya wọ Bẹ́núé. Ó fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuiníìnì, oògùn ibà, ibà ò sì pa ẹyọ ẹnì kan. Crowther wà nínú ọkọ̀ náà, Crowther tó ti mọ ibà etíkun wa dáadáa. Òkìkí kuiníìnì kàn, ṣùgbọ́n èèpo igi Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ṣe é, owó rẹ̀ sì ga. Kò ju ọdún méjì lọ tí ọmọ ọdún 18 kan ní Lọ́ńdọ̀nù, William Perkin, fi ní òun fẹ́ fi ohun tó wà nínú ọ̀dà èédú ilẹ̀ ṣe kuiníìnì. Kuiníìnì ò jáde. Aró ló jáde, aró elésè àlùkò. Àwọn kan ní tìtorí Íńdíà ni wọ́n ṣe ń wá kuiníìnì. Kí wọ́n máa wí.

Aníliìnì, ohun inú ọ̀dà èédú yẹn, ni Perkin lò, aró ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i: ní 1826, Otto Unverdorben dáná sí aró, ó gba ooru rẹ̀ sínú ìgò, aníliìnì sì yọ. Ohun tó ń mú aró yẹn dúdú náà ló wà nínú ẹlú tí àwọn ìyá alaró wa ń gún, tí wọ́n ń rẹ sínú ìkòkò omi eérú. Bí omi eérú ò bá sí, tí ìkòkò náà ò sì kan, aró ò ní wọ aṣọ. Ta ló kọ́ wọn ní kẹ́mísírì? Agbe ló laró, Jámánì kọ́.

Nígbà náà, ó ti pé igba ọdún tí máíkírósíkóòpù ti wà, síbẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì ò hàn. Nägeli rí nǹkan kan ní 1842, kò mọ ohun tó rí. Ìgbà tí wọ́n ta aró aníliìnì, irú ti Perkin, sí i ni Walther Flemming rí àwọn okùn tó ń là sí méjì, ó sì kọ ọ́ síwèé ní 1882. Waldeyer ló sọ wọ́n ní kírómósómù ní 1888. Láàárín àkókò kan náà, kẹ́míkà tuntun pọ̀ débi pé Friedrich Beilstein bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1881, ó sì ń sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn oníwèé kírómósómù ìbá fìwà jọ ọ́. Ní 1923, Theophilus Painter ní 48 ni kírómósómù èèyàn, ìwé sì ń da ìwé kọ. Ní 1956 ni Tjio àti Levan, ní Lund ní Sweden, tẹ̀ ẹ́ jáde pé 46 ni: wọ́n ti fi omi tí iyọ̀ rẹ̀ ò tó mú sẹ́ẹ̀lì wú, kírómósómù sì tú ká, ó ṣe é kà. Lejeune rí 47 lára àwọn ọmọ tó ní àrùn Down ní 1959. Ìyókù ẹ mọ̀ ọ́n.

Bí ọmọ kan ní Àjàrá tàbí Tòpó bá wá rí ìwé tó ń wí pé 48 ni, ìwé náà ti wà ṣáájú 1956, tàbí kí ẹni tó kọ ọ́ máà yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé kẹ́mísírì tó ní xenon, gáàsì kan, kì í bá nǹkan kan pọ̀ kò tíì gbọ́ pé Bartlett mú un bá nǹkan mìíràn pọ̀ ní 1962. Èyí tí tábìlì ẹ́límẹ́ǹtì rẹ̀ ò dé oganesson, ẹ́límẹ́ǹtì ìkejìdínlọ́gọ́fà, ti wà ṣáájú 2016.