Dark Triad: ààrò mẹ́ta ìwà òkùnkùn

Ọmọ fásitì kan lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí olùkọ́ rẹ̀ láàárọ̀, kó sì di alẹ́ ọjọ́ kan náà kó fi orúkọ ẹlòmíràn ṣí àkáǹtì, kó máa pín àwòrán ìhòòhò ọmọbìnrin tó ti fi í sílẹ̀. Irú ìwà wo ló ń bí irú èyí? Ọ̀kan nínú ìdáhùn àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ni ohun tí wọ́n ń pè ní Dark Triad.

Delroy Paulhus àti Kevin Williams ló fún un lórúkọ yìí ní Kánádà lọ́dún 2002, nígbà tí wọ́n yẹ ìwà akẹ́kọ̀ọ́ 245 wò. Ẹ fojú inú wo ààrò: òkúta mẹ́ta dúró súnmọ́ra, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwà mẹ́ta yìí.

Narcissism ni ti ẹni tó gbà pé òun nìkan ló tó bẹ́ẹ̀, tí ayé gbọ́dọ̀ máa yìn. Irú wọn lè parọ́ ọrọ̀ tí wọn kò ní, torí kí èèyàn lè tẹ “like”. Psychopathy ni àìláàánú tó bá ìwàǹwára rìn: a ṣe é tán kí a tó rò ó, ẹkún ẹlòmíràn kò sì kàn wá.

Machiavellianism, tí wọ́n fi orúkọ Niccolò Machiavelli, òǹkọ̀wé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ará Ítálì, pè, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọlọ́gbọ́n àyínìke ni ẹni tó ní in. Kì í pariwo, kì í bínú. Ó lè fi sùúrù bá arúgbó kan sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí Facebook fún oṣù mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó. Ó lè ta èkìsípò, ìyẹn ìbéèrè ìdánwò tó jò síta, fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó sì sùn dáadáa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orúkọ yìí bú ọmọ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe orúkọ àìsàn. Gbólóhùn 27 ni Daniel Jones àti Paulhus fi ń wọ̀n ọ́ láti 2014, èèyàn á sì fi máàkì 1 sí 5 sọ bó ṣe gbà pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó. Gbogbo wa la ní díẹ̀ níbẹ̀. Bó ṣe pọ̀ tó ló yàtọ̀.

Kí wá ni íntánẹ́ẹ̀tì fi kún un? Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lójúkojú, omijé ẹni tí a ń bú lè mú wa dákẹ́. Lẹ́yìn fóònù, a kò rí omijé kankan, wọn kò mọ orúkọ wa, èsì kì í sì í yá dé. John Suler, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ti ṣàlàyé èyí ní 2004. Ojú tó ń kó wa níjàánu kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹni tí àánú rẹ̀ kéré tẹ́lẹ̀ ló sì máa ń tètè ṣìwà hù.

Ní 2014, Erin Buckels àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ gún èèyàn lára lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìnídìí. Ìwà tó so mọ́ wọn jù lọ kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: inú wọn ń dùn sí ìrora ẹlòmíràn ni. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ló ti ń fi èyí kún un, tí wọ́n ń ka ìwà òkùnkùn sí mẹ́rin.