Bí wọ́n ṣe ń bèèrè iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀gá nílùú ọba

Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀ lè kó gbogbo rẹ̀ sínú ọjọ́ mẹ́rin: wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 22 ààbọ̀ lójúmọ́, owó oṣù rẹ̀ ò sì ní dín. Bó bá wọlé ní aago mẹ́jọ, tó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹun, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kó tó jáde. Ó sì lè yọ ọjọ́ kan kúrò pátápátá, kó máa ṣe wákàtí 30. £30,000 lọ́dún á di £24,000 nìyẹn. Kí wákàtí dín kù kí owó má sì dín, èyí tí iléeṣẹ́ 61 dán wò fún oṣù mẹ́fà lọ́dún 2022, iléeṣẹ́ lódindi ló máa ń gbé e kalẹ̀. Lẹ́tà ẹnì kan kì í sábà mú un wá.

Láti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin 2024, òṣìṣẹ́ ní England, Scotland àti Wales lè bèèrè láti ọjọ́ tó bá ti wọṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù 12. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ ní déètì, àyípadà tó fẹ́, ọjọ́ tó fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó ti bèèrè rí àti ìgbà wo, àti gbólóhùn tó sọ pé “statutory request for flexible working” ni, ìyẹn ìbéèrè tí òfin fọwọ́ sí láti yí bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Bí èyí ò bá sí níbẹ̀, ọ̀gá lè kà á sí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà. Oṣù méjì ló ní láti fi parí ọ̀rọ̀ náà, tòun ti àtúngbéyẹ̀wò bí òṣìṣẹ́ bá ta ko ìpinnu rẹ̀, àfi bí àwọn méjèèjì bá gbà kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọ̀ láìkọ́kọ́ bá òṣìṣẹ́ jíròrò, ìdí mẹ́jọ péré sì ni òfin gbà: ìnáwó àfikún àti àìrí ẹni pín iṣẹ́ náà fún wà lára wọn.

Òfin ò fipá mú òṣìṣẹ́ mọ́ láti ṣàlàyé bí yóò ṣe kan iléeṣẹ́. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ta ló máa gbé fóònù lọ́jọ́ Ẹtì? Ta ló máa fọwọ́ sí ìwé tó bá yọjú lọ́jọ́ náà? Kó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn fúnra wọn bá ti gbà. Bí ọ̀gá bá ń lọ́ tìkọ̀, kó bèèrè ìdánwò oṣù mẹ́ta tí ọjọ́ ìparí rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, torí àyípadà tí wọ́n bá fọwọ́ sí láìsí gbèdéke ti wọnú ìwé àdéhùn iṣẹ́. Kò sí ẹ̀tọ́ láti padà sí ọjọ́ márùn-ún.

Ọjọ́ ìsinmi 28 tí òfin fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún á di 22.4. Ẹni tó bá mú ọjọ́ Ajé ní ọjọ́ tí kò ní máa ṣiṣẹ́ kó ṣọ́ra: ní England, mẹ́rin lára ìsinmi ìjọba ló máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ó sì lè pàdánù wọn bí wọn ò bá fi wákàtí ṣírò ìsinmi rẹ̀.

Ẹni tó wà lórí físà Skilled Worker, ìyẹn físà iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, kó ṣírò owó tó máa kù kó tó kọ lẹ́tà. Bí owó bá já sí abẹ́ iye tí físà náà béèrè, físà ti wà nínú ewu nìyẹn, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi tó Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, létí. Ní tirẹ̀, kíkó wákàtí 37.5 sínú ọjọ́ mẹ́rin ló sàn jù.