Ìpàdé àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí: bí èèyàn ṣe ń rí i láti Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin, àti bó ṣe ń lọ

Ẹni tó ń mu sódábì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu ṣe, lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ títí tó fi máa rí ife kan gbé sẹ́nu, ilé ìwòsàn ló yẹ kó kọ́kọ́ yà sí kó tó wá ìpàdé lọ. Ara tí ọtí ti di bárakú fún kì í gbà kí wọ́n dédé já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní nǹkan bíi wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bò ó. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, gìrì lè gbé e ṣánlẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn míì á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn á dàrú, ara wọn á gbóná. Ó ń pa èèyàn. Dókítà lè fún un ní diazepam, oògùn tó ń mú kí ara rọlẹ̀, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, àti fítámì B1, torí pé ọtí kì í jẹ́ kí èyí tó nínú ara. Kí aláìsàn sọ iye tó ń mu gan-an. Ẹni tó ń mu ìgò kan tó sọ pé ife méjì ni, oògùn tí wọ́n máa fún un kò ní ká a.

Oògùn á gba ara là, ṣùgbọ́n kò ní bá a jókòó nírọ̀lẹ́ Sátidé. Iṣẹ́ ìpàdé nìyẹn.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Alcooliques Anonymes, AA. Ìlú Akron ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1935, nígbà tí àwọn méjì tí ọtí ti fẹ́ bayé wọn jẹ́, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ dókítà, rí i pé báwọn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni kò jẹ́ káwọn padà sídìí ìgò. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé: kó wù ú láti jáwọ́. Kò sí owó ìwọlé. Wọn kì í bi èèyàn ní ẹ̀sìn tó ń ṣe. Àwo kan máa ń lọ yíká fún owó yàrá àti tíì. Ẹni tuntun lè jẹ́ kó ré òun kọjá.

Nínú àtòjọ ìpàdé wọn lédè Faransé, ọ̀rọ̀ méjì ni kí èèyàn wò dáadáa. «Réunion ouverte» gba ìyàwó, ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ láyè. «Réunion fermée», ẹni tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ló wà fún. Ibi tí ìpàdé ojúkojú ò bá sí nítòsí, orí fóònù ni wọ́n ń ṣe é, aago ló sì máa ń ṣi èèyàn lọ́nà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ aago Paris ni wọ́n kọ sí àtòjọ náà, nígbà òtútù, aago Paris àti tiwa dọ́gba. Láti Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa: ìpàdé tí wọ́n kọ 20h sí, aago méje alẹ́ ni ní Kétu. Lórí Zoom, kí èèyàn yí orúkọ tó máa hàn padà kó tó wọlé. Ti WhatsApp yàtọ̀, torí gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ ló máa rí nọ́ńbà rẹ̀. Ní ìlú tí kálukú ti mọ ọmọ ẹni tí èèyàn í ṣe, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ìpàdé kan kì í sábà kọjá wákàtí kan sí kan àbọ̀. Ẹnì kan á ṣí i, wọ́n á ka ìwé díẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá máa kárí. Ẹni tí ò tíì fẹ́ sọ̀rọ̀ á ní, «Mo kàn wá gbọ́ lónìí,» wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń sọ tiẹ̀, wọn kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kì í gbà á nímọ̀ràn. Ó máa ń ṣòro fún wa, torí ẹnu àgbàlagbà kì í sinmi bó bá rí ọmọdé tó ń ṣìṣe. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ń tọ́ sọ́nà níbẹ̀ kò ní sọ òótọ́ mọ́. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kì í bá wọn jáde. Kéèyàn má tètè sá lọ bí wọ́n bá parí, ẹ̀yìn ìpàdé ló máa ń rí ẹni gba nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ẹni tó máa pè kó tó gbé ife, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti gbé e mì.

Ìpàdé kan ò lè sọ ohunkóhun fún èèyàn. Kó lọ tó mẹ́fà kó tó sọ pé kò bá òun lára mu. Ẹni tó bá tún mu, kó padà wá sí èyí tó tẹ̀ lé e. Wọn ò ní lé e.

Ibi tó le jù nílé wa ni òkú àgbà àti ọdún òrìṣà, níbi tí sódábì ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Kí èèyàn má dúró dìgbà tí ife bá kàn án. Kó lọ bá olórí ẹbí ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀: «Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, omi ni kí ẹ bù fún mi lọ́jọ́ náà, ara mi ò gba ọtí mọ́.» Omi tútù kì í ṣe àjèjì nídìí ìrúbọ, àgbà tó bá ti gbọ́ ṣáájú á mọ bó ṣe máa dáàbò bo ọmọ rẹ̀ lójú agbo.

Bí kò bá sí ìpàdé ní Ṣábẹ̀ẹ́, èèyàn méjì tó láti dá a sílẹ̀. Yàrá ilé ìwé kan lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, níbi tí kò sí olóúnjẹ tó ń ta ọtí nítòsí. Ọjọ́ kan náà, aago kan náà, lédè tí àwọn méjèèjì gbọ́. Bí ẹnì kejì ò bá wá lọ́jọ́ kan, kí ẹni tó kù ṣí ilẹ̀kùn, kó jókòó títí aago á fi pé, torí ẹni tuntun lè dé nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún.