Ṣé ilé ẹjọ́ lè ní kí òṣìṣẹ́ sẹ́nétọ̀ wá tú àṣírí ọ̀gá rẹ̀?

Wọ́n ní kò sí ilé ẹjọ́ tó lè bi aṣòfin léèrè ohun tó sọ nílé aṣòfin. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ Sẹ́nétọ̀ Mike Gravel ti ìpínlẹ̀ Alaska ni wọ́n ṣì fi ń wọn irú ọ̀rọ̀ báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 1971, Gravel pe ìpàdé ìgbìmọ̀ kékeré tó ń bójú tó ilé ìjọba. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò ni wọ́n fẹ́ sọ. Àṣé ìwé àṣírí ogun Vietnam ni ọkùnrin náà fẹ́ kà. Ó ń kà á, ó ń sunkún, ó sì kó odidi ìdìpọ̀ 47 sínú àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló gba Leonard Rodberg síṣẹ́.

Kí ló wá kan Rodberg?

Ìgbìmọ̀ ará ìlú kan ní Boston, irú èyí tó máa ń wò ó bóyá ẹ̀rí tó láti fẹ̀sùn kan èèyàn, ránṣẹ́ pè é kó wá jẹ́rìí. Gravel yarí. Ó ní bí òfin kò bá gbà kí wọ́n bi òun, wọn ò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn lọ bi ọmọọṣẹ́ òun.

Ta ló jàre?

Àwọn méjèèjì, Gravel àti ìjọba, díẹ̀ díẹ̀. Lọ́dún 1972, adájọ́ 5 nínú 9 ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní sẹ́nétọ̀ ò lè dá gbogbo iṣẹ́ yìí ṣe. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá bá a ṣe nídìí iṣẹ́ aṣòfin, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi Rodberg nípa ìpàdé alẹ́ yẹn tàbí ìmúra rẹ̀. Àmọ́ Gravel tún bá ilé ìtẹ̀wé Beacon Press ṣètò láti tẹ àwọn ìwé náà. Ilé ẹjọ́ ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ aṣòfin. Wọ́n lè bi Rodberg nípa rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mi ò ti bá wọn lọ. Ará ìlú mélòó ló ń ka àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀? Adájọ́ Brennan náà ta kò wọ́n, ó ní fífi ọ̀rọ̀ ìjọba tó aráàlú létí wà lára iṣẹ́ aṣòfin.

Ṣé òṣìṣẹ́ lè dá pinnu pé òun ò ní sọ̀rọ̀?

Ó lè sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ló ni ààbò náà. Bí sẹ́nétọ̀ bá ní òun ò fẹ́ ẹ, ó parí.

Ṣé wọn kì í wá jẹ́rìí rárá ni?

Wọ́n ń jẹ́rìí dáadáa. Bí àwọn afẹ̀hónúhàn bá jókòó sínú ọ́fíìsì sẹ́nétọ̀ tí wọn ò lọ, tí ọlọ́pàá wá kó wọn, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ilé Sẹ́nétọ̀ á kọ́kọ́ dìbò fọwọ́ sí i kó lọ, àyàfi lórí ohun tí ààbò yìí bò. Yóò sọ ẹni tó rí àti aago tí ọlọ́pàá dé. Bí agbẹjọ́rò bá wá bi í pé kí ni ọ̀gá rẹ̀ ń gbèrò lórí àbádòfin kan, agbẹjọ́rò Ilé Sẹ́nétọ̀ á dìde.