Bí ọmọ ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí ayélujára láìdárúkọ ara rẹ̀

Kí ìdílé kan ní Ìjẹ̀bú tó fọmọ fún ìdílé mìíràn, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Wọ́n á wádìí bóyá ará ilé ọ̀hún ń jẹ gbèsè, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá wèrè wà nínú ìran wọn. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́nu mọ́. Ọmọ ọdún 15 tí kò rí oorun sùn láti bí oṣù kan, tí oúnjẹ ò wù ú, tó ń rò ó pé ìbá sàn kí òun má sí láyé, mọ̀ dájú pé bí òun bá là á sọ, kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà máa kàn. Ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó ń múra ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Ó bá dákẹ́.

Kì í ṣe pé ibi ìtọ́jú ò sí. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro wà ní Abẹ́òkúta láti 1954. Ibẹ̀ ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé nílé àwọn ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù náà ní àwọn dókítà ọpọlọ. Àmọ́ ọmọ tó bá máa ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣágámù á wá owó ọkọ̀, á wá irọ́ tó máa pa nílé, nọ́ọ̀sì tó máa bá nídìí tábìlì sì lè jẹ́ ẹni tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ Ojúde Ọba. Ti Aro tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí orúkọ rẹ̀ ti di ohun tí àwọn ọmọ fi ń bú ara wọn níta.

Àlàfo yìí ni ìrànwọ́ orí ayélujára ń dí. Tẹlifóònù ló kọ́kọ́ gbé e: Childline bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1986, Kids Helpline bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 1991. Nígbà tó yá, ó hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ ò fẹ́ kí ohùn wọn jáde rárá, torí ẹni tó wà ní yàrá kejì ń gbọ́. Kooth, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2001, gbé tirẹ̀ ka orí ọ̀rọ̀ títẹ̀. Ní Nàìjíríà, Mentally Aware Nigeria Initiative, tí wọ́n ń pè ní MANI, dé ní 2016, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló sì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ìdí tí títẹ ọ̀rọ̀ fi ń la ọmọ lẹ́nu kò ṣòroó mọ̀. John Suler, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2004: wọn ò rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ojú tó ń wò ó bó ṣe ń sọ ọ́. Nílẹ̀ Yorùbá, nǹkan kan tún wà níbẹ̀. Ọmọ tó wà níwájú àgbà ti kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kó tó la ẹnu, kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ àgbà, kò sì gbọdọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Lórí fóònù, ìkúnlẹ̀ ò sí. Ọmọ lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tẹ ọ̀rọ̀ kan, kó pa á rẹ́, kó tún un tẹ̀. (Síbẹ̀ náà, kò ní ṣàì fi "ẹ jọ̀ọ́ mà" bẹ̀rẹ̀.)

Bí ó bá dé orí ìkànnì, wọn kì í bi í ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Á yan ìnagijẹ, á sọ ọjọ́ orí rẹ̀, á sọ bóyá òun jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àti agbègbè tó ń gbé. "Rẹ́mọ" ti tó. Kò nílò kó dárúkọ Ìpẹ̀rù tàbí Ìlíṣàn. Ìnagijẹ ọ̀hún kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè é nílé ìwé, pàápàá ní ìlú tí gbogbo ọmọ SS2 ti mọ ara wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fi sọ́kàn ni pé WhatsApp sábà máa ń fi nọ́ńbà hàn. Ọmọ tó bá gba ibẹ̀ wọlé ti fi ìdajì ara rẹ̀ hàn, bó tilẹ̀ pe ara rẹ̀ ní Àdàbà.

Fóònù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Fóònù ìyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń lò, nígbà tí ìyá bá ti ọjà Òkè-Àjẹ́ dé lálẹ́. Nítorí náà, àwọn ìkànnì tó mọṣẹ́ máa ń fi bọ́tìnnì kan sí igun ojú ìwé: bí ọmọ bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé mìíràn tí kò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà á sì ṣí. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í pa ipasẹ̀ rẹ́. Ibi tí ọmọ ti wá ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ inú fóònù, òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ pa á rẹ́. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ èyí gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì náà. Ní ti dátà, ọ̀rọ̀ títẹ̀ kì í jẹ ẹ́ tó fídíò, ó sì lè kọjá níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti lágbára.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá ọmọ lóhùn, àwọn ìbéèrè kan á kọ́kọ́ jáde. Èyí tí wọ́n ń lò gan-an fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni PHQ-9, tí wọ́n ti tún ṣe fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17. Ìbéèrè 9 ló ní, gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, okun inú, ojú tí ọmọ fi ń wo ara rẹ̀, bóyá ó ń ro ikú. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Ẹni tó bá gba 10 sókè, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti rí àìsàn lára rẹ̀. Ìbéèrè kẹsàn-án, tó dá lórí ikú, kì í dúró de àpapọ̀. Ọmọ tó gba 4 péré ṣùgbọ́n tó jẹ́wọ́ níbẹ̀ yẹ kó ṣáájú gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà.

Ìṣòro ìwé ìbéèrè yìí ni pé ọmọ lè má sọ ti ọkàn rárá, kó jẹ́ orí ni á máa sọ. Orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lórí, ojú ń ṣomi bó bá ti ṣí ìwé, ohun tó kà kì í wọlé. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ dókítà, àwọn tó ń kàwé kárakára. Olùdámọ̀ràn tí kò mọ èyí á ní kí ọmọ lọ lo oògùn orí fífọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà. Ẹni tí máàkì JAMB já kulẹ̀, tàbí tí òun àti ọ̀rẹ́ jà, lè gba ohun kíkà àti ìdánrawò tí á máa dá ṣe. SPARX jẹ́ irú rẹ̀, eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, tí àwọn ọ̀dọ́ 187 tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 sí 19 kópa nínú rẹ̀, àǹfààní tí àwọn tó ṣe eré náà rí kò kéré sí ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ á bọ́ sọ́wọ́ olùdámọ̀ràn.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò rọrùn. Olùdámọ̀ràn ò rí omijé, kò gbọ́ ohùn, kò mọ̀ bóyá ọmọ tó dákẹ́ ń sunkún ni tàbí wọ́n rán an níṣẹ́. Nítorí náà á máa sọ ohun tó gbọ́ padà fún ọmọ, á bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, á sì dúró. Ohun tó máa ń yára lé ọmọ lọ ni èsì tó ti gbọ́ nílé: ṣe sùúrù, gbàdúrà, ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ fìdí rẹmi ni? Àdúrà kì í ṣe nǹkan burúkú, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ jáde, ọmọ á kà á sí pé wọ́n ti ní kí òun máa lọ.

Ìgbà tí ewu bá dé ni gbogbo ètò yìí ń le. Àìdárúkọ tó la ọmọ lẹ́nu ló tún wá di ìdènà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ sọ fún un pé àṣírí rẹ̀ á wà ní bíbò, àfi bó bá fẹ́ pa ara rẹ̀, bí ẹnìkan bá ń ṣe é níkà tàbí ń bá a ṣèṣekúṣe, tàbí bó bá fẹ́ pa ẹlòmíràn lára. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, olùdámọ̀ràn kì í fi ọ̀rọ̀ bò. Á bi í gbangba bóyá ó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀, bóyá ó ti mọ bó ṣe máa ṣe é, bóyá ohun náà wà nítòsí. Àwọn àgbà máa ń bẹ̀rù pé irú ìbéèrè yìí á fi èrò náà sí ọmọ lórí. Kì í fi í sí i; ó máa ń jẹ́ kí ọmọ lè mí kanlẹ̀ ni.

Ó kan ta ló wà nílé báyìí. Wọ́n á ní kó kúrò níbi tí nǹkan náà wà, kó lọ jókòó síbi tí èèyàn wà. Wọ́n á bá a wá àgbàlagbà kan tí kò bẹ̀rù, kò sì di dandan kó jẹ́ òbí: ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, olùkọ́, ìyàwó pásítọ̀, àlùfáà mọ́ṣáláṣí. Bó bá gbà láti fún wọn ní nọ́ńbà ẹni náà, ọ̀nà ti là. Lẹ́yìn náà wọ́n á jọ kọ ètò kékeré kan tí ọmọ á máa rí lórí fóònù: àmì tó fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ń padà bọ̀, ohun tó máa ń mú ara rẹ̀ wálẹ̀, ẹni tó máa pè, ibi tó máa sá lọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè yìí, 112, yẹ kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pa fóònù láìfi nǹkan kan sílẹ̀, ìnagijẹ nìkan ló kù lọ́wọ́ wọn, kò sì sí ọgbọ́n tó borí èyí.

Òfin náà tún dá kún un. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni abala 327 nínú Criminal Code ti ka gbígbìyànjú láti pa ara ẹni sí ọ̀ràn tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ọmọ tó bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí kò ní sọ òtítọ́ fún ẹni tó máa pe ọlọ́pàá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ilé ìwòsàn ṣáájú àgọ́ ọlọ́pàá nínú ètò tó bá mọ́yán lórí. Tó bá jẹ́ ìwà ìkà sí ọmọ ni, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, ti 2006, wà, ọ́fíìsì wẹ́lífíà náà sì wà. Kí wọ́n tó fi tó wọn létí, ó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀, torí ẹni tó ń hùwà náà lè jẹ́ ẹni tó ni fóònù.

Àwọn ìkànnì kan ní ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ kí ó tó jáde síta, á sì yọ orúkọ ìlú, ilé ìwé àti iṣẹ́ òbí. Ẹni tó bá kọ pé ìyá òun ni olórí àwọn aláṣọ lọ́jà báyìí-báyìí, odidi Ìjẹ̀bú-Òde ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rọ tó ń dáhùn bí ènìyàn náà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe tuntun. Joseph Weizenbaum ti ṣe ELIZA ní Amẹ́ríkà ní 1966, ẹnu sì yà á pé àwọn èèyàn ń sọ àṣírí fún un. Ẹ̀rọ kì í sùn, kì í sì í dájọ́. Síbẹ̀, kò lè pe ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ láago mọ́jú, nítorí náà kò yẹ kó dá wà nídìí ọ̀rọ̀ ikú.

Ní ti òbí, Òfin Ìdáàbòbò Détà ti 2023 ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí wọ́n tó lo ìsọfúnni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àmọ́ ó yọ ìtọ́jú ìlera àti ti àwùjọ sílẹ̀ bó bá jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ pa àṣírí mọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ẹgbẹ́ WhatsApp tí ẹnìkan kàn dá sílẹ̀ nítorí àánú kò sí lábẹ́ ààbò yẹn. Bí ìyá bá rí ìkànnì náà lórí fóònù rẹ̀ tó sì pè wọ́n, wọn ò ní sọ fún un bóyá ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Wọ́n á ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń lọ, wọ́n á sọ irú ìbéèrè tó lè bi ọmọ láìfa ìjà, wọ́n sì lè júwe ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn. Bí ọmọ bá gbà, wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ ní àwọn mẹ́ta. Bí kò bá gbà, àlàyé ni ìyá máa gbà, kò ní gba ohun tí ọmọ sọ.