Ibi tí adé eyín ti pàdé eyín

Adé eyín, ìbòrí tí wọ́n fi ń dé orí eyín, tí àwọn dókítà eyín ń pè ní kráwùn, kì í jẹrà. Ì báà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi ṣe é, ì báà jẹ́ tánganran, eyín tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń jẹrà. Ìdí nìyẹn tí adé tó ṣì ń dán gbinrin fi lè yọ lójijì, tí wọ́n á yẹ inú ẹnu wò, tí ó jẹ́ kùkùté dúdú ló kù.

Kí wọ́n tó dé eyín ládé, dókítà á kọ́kọ́ gbẹ́ eyín náà kéré yíká, kí adé lè wọ̀ ọ́ bíi fìlà. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Adé á wá parí nítòsí ẹran ìdí eyín. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó parí sí yẹn, tí ahọ́n lè má mọ̀ rárá, ni gbogbo ìtọ́jú dá lé. Bí oúnjẹ bá há síbẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu á máa jẹ ṣúgà tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á máa tu ásíìdì jáde, ásíìdì náà á sì máa jẹ eyín lábẹ́lẹ̀. Eyín tí wọ́n ti yọ iṣan inú rẹ̀ ló burú jù: kì í dun ẹni tó ni ín, àfìgbà tó bá ti bàjẹ́ jìnnà.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì ni wọ́n fi ń fọ ibẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹnu búrọ́ọ̀ṣì dagun díẹ̀ sí ìdí eyín. Pákò dáa fún ojú eyín, ṣùgbọ́n kò lè wọ àárín eyín méjì. Igi ìtayín kò sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹran ìdí eyín ló sábà máa ń gún. Òwú ìfọyín ló lè débẹ̀. Wọ́n á rọra fà á wọ àárín eyín, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara adé kó ká a lọ́wọ́ kan, wọ́n á wá máa fi ra á lókè nísàlẹ̀ títí dé abẹ́ etí ẹran. Bó bá jẹ́ adé onígbà díẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń dúró de adé gidi, ló ṣì wà lẹ́nu, wọn kì í fa òwú náà sókè padà, nítorí sìmẹ́ńtì tirẹ̀ kò lágbára. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń fà á gbà jáde. Tọ́fì àti ṣingọ́ọ̀mù náà lè fa irú adé bẹ́ẹ̀ yọ.

Adé gidi kò bẹ̀rù tọ́fì tó bẹ́ẹ̀. Ẹkùrọ́ ni kó bẹ̀rù, àti eegun tí wọ́n ń fọ́ mu mùdùnmúdùn, àti òkúta tí ẹni tó ṣa ẹ̀wà kò rí. Tánganran máa ń sán. Ẹni tó ń payínkeke lójú oorun ń lu adé tirẹ̀ lóru gbogbo láìmọ̀. Dókítà lè ṣe ìbòyín tí yóò máa fi sùn fún un.

Bí adé bá yọ, gúlù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu. Kí wọ́n fi omi ṣàn án, kí wọ́n fi í sínú ike kékeré, kí wọ́n tètè gbé e lọ bá dókítà, nítorí àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ á máa rọra sún wá sí àyè tó ṣófo náà, adé tó wọ̀ ọ́ rẹ́gí tẹ́lẹ̀ lè má wọ̀ ọ́ mọ́.