Òwú kòkòrò tó ń di awọ: ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi sílíìkì wo egbò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra sányán fún ìgbéyàwó níbí l'Abuja, ẹ mọ̀ pé ìtẹ́ kòkòrò ni wọ́n ti ń rí òwú ẹ̀, àwọn Hausa náà ti ń ká irú ìtẹ́ yẹn lórí igi àjàgbọn lókè ọya níbí tipẹ́. Ohun tí èmi fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé òwú kòkòrò, ìyẹn sílíìkì, ti wà lọ́wọ́ oníṣègùn láti ayé àtijọ́.

Galen, dókítà ọmọ Gíríìkì tó ṣiṣẹ́ ní Róòmù ní ọ̀rúndún kejì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fi okùn sílíìkì so iṣan ẹ̀jẹ̀ tó já, ó tiẹ̀ ní àwọn obìnrin olówó ìlú ńlá ló máa ń ní in nílé. Nígbà tó di 1888, Theodor Kocher, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Switzerland, pa okùn ìfun ẹran tì, ó gba sílíìkì nítorí pé ìfun ẹran ń fa kí ojú egbò di ọyún.

Àmọ́ ara àwọn kan ò gbà á o! Ibẹ̀ á wú, á pọ́n. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n di ẹ̀bi ẹ̀ lé gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ òwú náà, sericin ni wọ́n ń pè é, fibroin sì ni òwú gan-an tó wà nínú. Bí àwọn ìyá tó ń ṣe sányán ṣe máa ń se ìtẹ́ kòkòrò nínú omi eérú kí gọ́ọ̀mù ẹ̀ ṣí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń se é ní lábù, sodium carbonate ni tiwọn, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. (Kòkòrò tiwọn yàtọ̀ sí tiwa ṣá, Bombyx mori tó ń jẹ ewé mulberry ni.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Láti àwọn ọdún 1990 síbí, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bíi David Kaplan ní Tufts University, Amẹ́ríkà, ò fẹ́ kó jẹ́ okùn nìkan mọ́, wọ́n ń yọ́ fibroin nínú iyọ̀ kan tó ń jẹ́ lithium bromide títí á fi dà bí omi, wọ́n á yọ iyọ̀ yẹn kúrò, wọ́n á wá gbẹ ẹ́ nínú yìnyín kó di spọ́ńjì tó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sójú egbò, sẹ́ẹ̀lì awọ á rìn wọnú àwọn ihò yẹn, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun á tẹ̀ lé e, ara fúnra ẹ̀ á sì máa jẹ spọ́ńjì náà díẹ̀díẹ̀ bí awọ tiẹ̀ ṣe ń hù, ẹnikẹ́ni ò ní pa dà wá yọ ọ́.

Èyí ká mi lára gan-an, nítorí ẹni tí gáàsì bá jó tó jinlẹ̀, itan ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gé awọ lára ẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ sójú iná, ó ti di egbò méjì nìyẹn, ohun tí àwọn tó ń ṣe spọ́ńjì yìí ń lépa ni kí gígé yẹn dín kù.